Sísin edé peppermint nínú táńkì omi iyọ̀ nílé: láti orí ẹyin títí ọmọ yóò fi balẹ̀

Edé peppermint kò nílò olùkọ́ kó tó bímọ. Ẹ kó méjì tàbí mẹ́ta sínú táńkì tí omi rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, ẹ máa bọ́ wọn déédéé, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ẹyin lábẹ́ ikùn ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni wàhálà wà. Ọmọ náà kò jọ ìyá tó bí i rárá: ó ń léfòó láàárín omi bí eruku inú ìtànṣán oòrùn, ó sì máa wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ló ti gbọ́dọ̀ máa jẹ oúnjẹ tó wà láàyè. Nítorí náà, bí a ṣe ń mú kí ẹyin Artemia, ẹ̀dá omi iyọ̀ tíntìntín tí a fi ń bọ́ ọmọ edé, pa ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ kí ẹ tó ra edé kankan. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ẹyin bá pa kó tó máa wá oúnjẹ kiri, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò máa fa òkú ọmọ dànù.

Èwo ni ká kọ́kọ́ sìn?

“Peppermint” jẹ́ orúkọ ọjà fún irú edé mélòó kan tó jọra wọn. Lysmata wurdemanni ni wọ́n ń pe gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, àfìgbà tó di 2006 tí Rhyne àti Lin tún ẹbí náà yẹ̀ wò fínnífínní, tí wọ́n sì ya àwọn irú tuntun sọ́tọ̀. Lysmata boggessi wà lára wọn. Ọ̀nà kan náà là ń gbà sin wọn, ẹ má jẹ́ kí orúkọ dà yín láàmú.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni edé ràkúnmí, Rhynchocinetes durbanensis, tí àwọn kan máa ń tà bíi pé peppermint ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga bí iké, ojú rẹ̀ tóbi, ìlà funfun àti àmì tótòtó funfun wà láàárín pupa ara rẹ̀, ó sì máa ń jẹ iyùn inú táńkì. Ara peppermint mọ́lẹ̀ bíi gíláàsì, ìlà pupa tín-ín-rín ló gùn lé e lórí, kò ní funfun kankan.

Edé agbátọ́jú ẹja tó ní ìlà funfun lẹ́yìn, Lysmata amboinensis, rẹwà jù ú lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ lè léfòó fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Stenopus hispidus, èyí tó ní ọwọ́ gígùn bíi ti abẹ̀ṣẹ́. Ẹ fi àwọn yẹn sílẹ̀ ná títí ọwọ́ yín yóò fi dán.

Táńkì àwọn òbí

Táńkì lítà 40 sí 60 tó fún edé mẹ́rin. Fíltà fóòmù tí afẹ́fẹ́ ń ti ló dára jù níbẹ̀, torí fíltà tó ń fa omi pẹ̀lú agbára á gbé ọmọ mì lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá bí wọn. Ẹ jẹ́ kí táńkì ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí edé tó wọ̀ ọ́, títí amóníà àti náítráìtì, májèlé tó ń ti inú ìdọ̀tí wọn jáde, yóò fi wà ní òdo. Kí náítréètì má kọjá mìlígíráàmù 20 nínú lítà kan. Kí ooru omi wà láàárín 25 sí 27 °C, kí iyọ̀ jẹ́ gíráàmù 35 nínú lítà kan, èyí tí refractometer, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iyọ̀ omi, á fi hàn bíi 1.025 tàbí 1.026, kí pH, òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí, sì wà láàárín 8.0 sí 8.4.

Omi ló ń fẹ lọ, iyọ̀ kì í fẹ. Tí omi bá ti sọ̀ kalẹ̀, omi tútù tí wọ́n ti sẹ́ mọ́, tí kò ní iyọ̀, ni kí ẹ fi kún un. Ẹni tó bá ń fi omi iyọ̀ kún un lójoojúmọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì omi rẹ̀ á ti le jù.

Bàbà jẹ́ ikú fún edé. Oògùn ẹja tó ní bàbà nínú kò gbọ́dọ̀ dé táńkì yìí. Táńkì tí wọ́n ti lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀ rí, ẹ má gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Bàbà máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti gọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, á sì máa tú jáde díẹ̀díẹ̀.

Tí edé bá dé, ẹ má dà á sínú táńkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ dà á pẹ̀lú omi tó bá wá sínú báàfù kékeré, kí ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi táńkì sínú rẹ̀ ní ẹ̀kán méjì sí mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ta kókó sí rọ́bà náà kó lè máa kán. Iṣẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì ni.

Ẹ kó òkúta àti gígé páìpù rọ́bà síbẹ̀ kí wọ́n lè fi sá pamọ́. Edé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo rọ̀ bí ẹyin tí kò ní ìkarahun, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lè jẹ ẹ́. Èèpo tó bọ́ máa ń wà lódindi, pẹ̀lú ojú àti ìwo. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ló ti sin èèpo lọ́nà ẹ̀tọ́ nígbà tí edé fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ òkúta. Ẹ kà wọ́n dáadáa kí ẹ tó kéde òkú.

Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kí wọ́n jẹun: ẹran ẹja òkun tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ẹran edé, Artemia tó ti dàgbà. Oúnjẹ òbí ló ń di oúnjẹ inú ẹyin, ìyẹn sì ni ọmọ máa kọ́kọ́ fi gbé ara ró. Oúnjẹ gbígbẹ nìkan kò tó.

Akọ ni, abo ni

Kò sí pé ẹ ń wá akọ, ẹ ń wá abo. Gbogbo edé Lysmata ló ń bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ ní akọ. Tó bá dàgbà, á di abo, síbẹ̀ agbára akọ kò kúrò lára rẹ̀. Àmọ́ kò lè gùn ara rẹ̀. Edé kan ṣoṣo lè yé ẹyin, ẹyin yẹn kò ní ọmọ nínú, á sì dà wọ́n nù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Méjì ló kéré jù. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù, torí èyí tó kéré á ṣe akọ nígbà tí èyí tó tóbi bá ti di abo.

Alẹ́ ọjọ́ tí ọ̀kan bá bọ́ èèpo ni wọ́n ń gùn, ààyè rẹ̀ kò sì ju wákàtí mélòó kan lọ. Lẹ́yìn èyí ló máa kó ẹyin sí àárín àwọn ẹsẹ̀ kékeré abẹ́ ikùn rẹ̀, tí á máa fẹ́ omi sí wọn tọ̀sán tòru. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹyin tuntun máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń lọ, àwọ̀ náà á máa ṣá, títí ẹ ó fi rí àmì ojú méjì tó ń tàn bíi fàdákà nínú ẹyin kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ti rí ojú yẹn kedere, ó ku ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ní 26 sí 27 °C, àpapọ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá.

Kí iná táńkì máa wọlé kó sì máa kú lákòókò kan náà, wákàtí 12 sí 14 lójúmọ́, pẹ̀lú aago iná. Wákàtí àkọ́kọ́ sí ìkejì lẹ́yìn tí iná bá kú ni ẹyin máa ń pa. Bí iná bá ń kú lákòókò tó bá ṣáà ti wu ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹ kò ní mọ ìgbà tí ẹ ó dúró dè wọ́n.

Artemia

Apá yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ẹyin Artemia gbígbẹ ní èèpo aláwọ̀ igi tí ọmọ edé kò lè dà, tí hydroid, ẹ̀dá omi tíntìntín tó ń ta ọmọ edé, sì máa ń bá wọlé. Nítorí náà, a máa ń fi bílíìṣì bó o kí a tó pa á. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí kíkan tàbí ásíìdì kankan má sì sún mọ́ bílíìṣì náà.

1. Ẹ rẹ gíráàmù 10 ẹyin Artemia sínú omi tí kò ní iyọ̀ fún wákàtí kan, kí afẹ́fẹ́ máa rú u. Àwọn ẹyin tó ti rún á wú di róbótó.

2. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ dà á sínú mìlílítà 100 omi tútù, kí ẹ sì da mìlílítà 100 bílíìṣì ilé tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% tí kò ní lọ́fínńdà lé e. Ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró.

3. Ẹ máa wo àwọ̀ rẹ̀. Láti àwọ̀ igi, á di eérú, lẹ́yìn náà á di ọsàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ni. Tí ike náà bá ń gbóná lọ́wọ́ yín, ẹ ju omi dídì sí i, nítorí bó bá kọjá 40 °C, ọmọ inú ẹyin á kú.

4. Bó bá ti di ọsàn, ẹ dà á sínú asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 120 micron (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà ni micron kan) kíá, kí ẹ sì fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ títí òórùn bílíìṣì yóò fi lọ pátápátá. Sodium thiosulfate, kẹ́míkà tó ń pa agbára bílíìṣì, díẹ̀ nínú omi á pa èyí tó bá kù. Ẹ tún un fọ̀.

Èyí tí ẹ kò bá ní lò lónìí, ẹ fi í sínú omi iyọ̀ kíki, gíráàmù 300 nínú lítà kan, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀ láìbàjẹ́.

Láti pa á, ẹ dojú ìgò ike lítà méjì dé, kí ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò. Ẹ bu omi iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30 nínú lítà kan sí i, pẹ̀lú gíráàmù kan ẹyin fún lítà kọ̀ọ̀kan. Kí afẹ́fẹ́ máa ti ìsàlẹ̀ rú u dáadáa, kí iná wà lórí rẹ̀, kí ooru jẹ́ 28 °C. Láàárín wákàtí 20 sí 24 wọ́n á ti pa. Ẹ pa afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tan iná sí ìsàlẹ̀ ìgò, wọ́n á kóra jọ síbẹ̀ bí ìkùukùu ọsàn. Ẹ fà wọ́n jáde, ẹ sẹ́ wọn, ẹ fọ̀ wọ́n. Omi tí wọ́n fi pa wọ́n kún fún ìdọ̀tí, kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ edé.

Ìgò méjì ni kí ẹ ní, kí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan lójoojúmọ́. Artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló ní ọ̀rá jù lára. Tó bá ti tó wákàtí mẹ́jọ, ó ti ń jẹ ọ̀rá ara rẹ̀ lọ, ó sì ń di òfìfo. Àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni ẹnu rẹ̀ là, ẹ sì lè fi oúnjẹ algae (ewéko tíntìntín inú omi) tàbí òróró tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí bọ́ ọ fún wákàtí 12 sí 24 kí ẹ tó gbé e fún ọmọ edé. Irú Artemia tí a ti bọ́ yó yìí ni ọmọ edé nílò láti ọjọ́ kẹjọ lọ.

Alẹ́ tí ẹyin pa

Bí ojú bá ti hàn nínú ẹyin, ẹ gbé ìyá lọ sínú táńkì kékeré lítà 10 sí 15 tó kún fún omi táńkì rẹ̀ gan-an. Ẹ fi ife gbé e lábẹ́ omi. Tí ẹ bá fi àwọ̀n gbé e, á tàkìtì, á sì gbọn ẹyin dànù. Ẹ fi òkúta kan sí i kó rí ibi dì mú, kí afẹ́fẹ́ máa hó díẹ̀díẹ̀.

Ní wákàtí kejì tí iná ti kú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí igun kan. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Wọ́n á rọ́ wá síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó mìlímítà méjì sí mẹ́ta. Ife ni kí ẹ fi bù wọ́n pẹ̀lú omi. Àwọ̀n á ṣẹ́ wọn. Láti ara ìyá kan, ẹ lè rí ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ẹ má kó gbogbo wọn. Ọmọ 10 sí 20 nínú lítà kan tó fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ dá ìyá padà. Láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì á tún bọ́ èèpo, tí kò bá sì sí ẹnìkejì rẹ̀ nítòsí, ẹyin tó kàn á ṣòfò.

Oṣù kan tí wọ́n fi ń léfòó

Ohun èlò tí a ń kó wọn sí gbọ́dọ̀ rí róbótó, kí ìdí rẹ̀ tẹ̀ bí abọ́, lítà 15 sí 20. Ẹ fi bébà dúdú wé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí iná wá láti òkè nìkan. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wọn á fún mọ́ ojú kan, wọ́n á máa já ara wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ má fi òkúta afẹ́fẹ́ sí i. Hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké máa ń há sí wọn lára, á sì gbé wọn lọ sójú omi. Ọ̀pá ike lásán, tó ń pọ hóró ńlá kan tàbí méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti tó láti máa yí omi po.

Kí omi wà ní 27 sí 28 °C. Ẹ má ti híítà bọ inú rẹ̀. Ẹ gbé ohun èlò náà sínú báàfù omi ńlá tí híítà wà nínú tirẹ̀.

Iṣẹ́ àárọ̀ nìyí. Ẹ pa afẹ́fẹ́. Ẹ tan iná sí òkè kí àwọn ọmọ lè gòkè. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìdọ̀tí àti òkú ìsàlẹ̀ sínú báàfù funfun, torí ọmọ kan tàbí méjì á bá a lọ, ẹ ó sì lè fi síbí bù wọ́n padà. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin omi, kí ẹ fi omi tuntun tí iyọ̀ àti ooru rẹ̀ bára mu rọ́pò rẹ̀, kó máa kán wọlé. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi sírínjì fa mìlílítà kan, kí ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì ka Artemia tó wà níbẹ̀. Márùn-ún sí mẹ́jọ ló yẹ. Bí wọ́n bá ti ju mẹ́wàá lọ láti àná, ẹ má fi kún un. Artemia tó ti gbó náà ń jẹ afẹ́fẹ́ inú omi, ọmọ kéékèèké kò sì lè mú un mọ́. Ẹ tún un kà nírọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kìíní, ojú wọn lẹ̀ mọ́ orí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ èèpo àkọ́kọ́, ojú náà á yọ sórí igi tirẹ̀. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí ẹsẹ̀ méjì gígùn tí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí àjẹ̀ ọlọ́kọ̀, tí ó ń wọ́ tẹ̀ lé wọn. Ẹsẹ̀ karùn-ún nìyẹn, òun ló sì ń sọ bí iṣẹ́ yín ṣe rí. Tí àjẹ̀ méjèèjì bá pé lára ọ̀pọ̀ wọn, omi mọ́, afẹ́fẹ́ wà níwọ̀n. Tí wọ́n bá ti ń ṣẹ́, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ le jù, tàbí pé ìdọ̀tí ń so mọ́ wọn, tàbí pé ebi ti mú kí wọ́n máa já ara wọn jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kó gbogbo wọn lọ sínú ohun èlò mìíràn tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ sì sá gbẹ. Iṣẹ́ tó ń súni ni, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́

Tí gbogbo wọn bá kú mọ́júmọ́ ọjọ́ kìíní, ẹ wo iyọ̀ àti ooru omi tí ẹ kó wọn sí, bóyá ó yàtọ̀ sí ti ìyá wọn. Tí omi bá bára mu, ebi ni.

Ọmọ tó wà láàyè mọ́lẹ̀ kedere. Èyí tí ìrù rẹ̀ bá ti funfun bíi wàrà kò ní yè, ẹ yọ ọ́ kí ó tó jẹrà. Tí ọ̀pọ̀ bá ń kú bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kẹrin sí ìkẹwàá, tí èèpo sì há sí wọn lẹ́yìn, Artemia òfìfo ni ẹ fi ń bọ́ wọn.

Nígbà mìíràn ẹ ó rí nǹkan bí ìràwọ̀ tíntìntín lára ògiri, tí ọwọ́ rẹ̀ ń nà tó sì ń kákò. Hydroid ni. Ó ń jẹ Artemia, ó sì ń ta ọmọ edé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé oògùn, torí ó lè pa ọmọ pẹ̀lú. Ẹ fi ife bu àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sínú ohun èlò tuntun, kí ẹ fi bílíìṣì fọ ti àtijọ́, kí ẹ sì wá ibi tó ti wọlé: àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ ẹyin Artemia tí wọn kò bó, tàbí rọ́bà kan náà tí ẹ fi ń fa omi táńkì àwọn òbí.

Tí iye wọn bá ń dín kù láìsí òkú kankan nísàlẹ̀, wọ́n ń jẹ ara wọn. Ẹ fi oúnjẹ kún un, ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí ńlá má bá kékeré gbé.

Ìgbà tí wọ́n bá balẹ̀

Láti bí ọjọ́ 25 sí 30, ẹ ó rí ọ̀kan tí àjẹ̀ rẹ̀ ti lọ, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lára ògiri, tí ìlà pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ ń yọ lára rẹ̀. Kò tíì gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Wọn kì í balẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn mìíràn á dúró di ọjọ́ 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá tutù tàbí oúnjẹ bá ṣe aláìtó, wọ́n á kàn máa léfòó lọ ni.

Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá rí èyí tó balẹ̀, ẹ fi ife gbé e jáde, torí ó lè máa pa àwọn tó ṣì ń léfòó jẹ. Ẹ kó wọn sínú táńkì lítà 20 tó ní fíltà fóòmù, kí ẹ ká àwọ̀n ike jọ sínú rẹ̀ kí wọ́n rí ihò púpọ̀ sá sí. Wọ́n á máa jẹ Artemia lọ, kí ẹ sì máa fi ẹran ẹja tí ẹ rún kúnná kún un. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ wọn á tó òbí í ṣe. Kí wọ́n tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ má kó wọn lọ sínú táńkì tí ẹja wà, nítorí oúnjẹ ni ẹja á pè wọ́n.